Ìjàpá Ń Retí Yìnyín ní Òkókómáìkò

Ọ̀gá kan wà ní Òkókómáìkò tó ń palẹ̀ mọ́tò rẹ̀ mọ́ de yìnyín. Àṣìtẹ̀ kọ́ lẹ kà yẹn. Òkókómáìkò yìí náà ni, níbi tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá mú tó mú, kí ètè bó díẹ̀ ni, kí èèyàn wọ súwẹ́tà jáde ní ìdájí, kó sì ti bọ́ ọ kọ́ apá kó tó dé Ìyànà-Ìbà.

Volkswagen àtijọ́ ni mọ́tò náà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ó kà á lórí fóònù pé àwọn tó ní irú rẹ̀ nílùú òyìnbó kì í gbé e jáde nígbà òtútù: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tú bátìrì rẹ̀, wọ́n á gbé e kúrò nílẹ̀ kí táyà má baà tẹ̀, wọ́n á sì daṣọ bò ó títí di Oṣù Kẹta. Ọgbọ́n ni fún wọn, torí iyọ̀ ni ìjọba wọn ń dà sí títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ọ̀gá wa kò ka ìdí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe nìkan ló kà. Ó gbé tirẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó ra aṣọ onírọ́bà ńlá kan, ó sì fi dì í pa látorí dé ìdí. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ ní Bàbá Wíńtà.

Kúláǹtì ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ó lọ sí ọjà ASPAMDA ní Trade Fair, ó ra gálọ́ọ̀nù méjì oògùn tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnì dì. Ó délé, ó ṣí iwájú, bùútù ló bá. Ó ṣí ẹ̀yìn, ó bá ẹ́ńjìnì, ó wá ibi tí yóò da oògùn sí, kò rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa Ìjàpá rí, ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kì í mu omi. Wọn ò ṣe rédíétọ̀ mọ́ ọn láti ilé. Fáànù tí bẹ́ẹ̀lìtì ń yí ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, atẹ́gùn yẹn àti ọ́ìlì ló sì ń tù ú. Bí yìnyín bá tiẹ̀ bọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì láti Máìlì Tuu dé Sẹ̀mẹ̀, omi wo ló fẹ́ dì? Ẹlòmíì á ti dá kúláǹtì padà fún ẹni tó tà á. Bàbá Wíńtà ronú títí, ó sì dájọ́: wọ́n ti jí rédíétọ̀ òun tú.

Bí ìwádìí ìtàn mọ́tò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó ti ni ín rí, kí ọwọ́ lè tẹ olè.

Wọ́n ní Ìjàpá ń lọ sájò, wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ẹni tó bá ti kọrí sọ́nà ẹ̀tẹ́, títẹ́ nìkan ló ń dá a padà. Àmọ́ àwọn àgbà tó pa òwe yẹn kò rí irú eléyìí rí: Ìjàpá fúnra rẹ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù, kò ṣí ẹsẹ̀ kan, olówó rẹ̀ ló ń bá a rin àjò.

Àjò náà sì gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un ní Ìbà Estate. Onítọ̀hún juwọ́ sí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà gbé Bíbélì, ó búra pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò fọwọ́ kan rédíétọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀nà dí ní ilé, ọ̀gá wa kọjú sí òkè òkun. Ilé kan wà ní Wolfsburg ní Jámánì tí wọ́n kó àwọn Volkswagen àtijọ́ jọ sí; bí èèyàn bá fi nọ́ńbà ṣánsí ránṣẹ́, tó sì sanwó, wọ́n lè fún un ní ìwé ẹ̀rí ìbí mọ́tò rẹ̀. Mẹkáníìkì rẹ̀ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, ó fi nọ́ńbà náà hàn án lára irin. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá wa ti ń wá Yúróò kiri.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1978 ni ọdún tó wà nínú ìwé mọ́tò náà. Ní 1974 ni Wolfsburg ti ṣíwọ́ Ìjàpá ṣíṣe. Ní 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen, tí ẹnu wa gé kúrú sí Fọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Ọ̀jọ́ níbí, lẹ́bàá títì Àgbádárìgì, níbi tí kọ̀ńdọ́ ti ń bèèrè láràárọ̀ pé, "Fọ́ọ̀sì wà ńbẹ̀?", tí Bàbá Wíńtà fúnra rẹ̀ ti ń dáhùn látinú dáńfó pé, "Ó wà o!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ṣéńjì, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ni Fọ́ọ̀sì ń wá ní Ọ̀jọ́. Àwọn ọmọ LASU tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ náà kò bèèrè. Wọ́n rò pé bí Agége ṣe ń jẹ́ Agége lòun náà ṣe ń jẹ́ Fọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná, torí Ìjàpá kan tó tóbi ju tirẹ̀ lọ ti tẹ́ lójú wa, a ò sì fún un lórúkọ. Iṣẹ́ mọ́tò títò wa ni mò ń wí. Ọdún 1975 kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ní Ọ̀jọ́, wọ́n to Ìjàpá, wọ́n to Passat, wọ́n to Igala tí ẹ̀yà rẹ̀ ń ti Bùràsíìlì wá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Brasilia. Inú àpótí ni ẹ̀yà ń bá dé, dọ́là la sì fi ń rà á. Àwọn ọ̀gá wa nílé ìjọba ń ṣèlérí pé láìpẹ́ àwa náà á máa rọ tiwa. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1990, náírà já láti 1986, àpótí ò dé mọ́. Volkswagen kó ẹrù rẹ̀. Ojú títì kan náà, níwájú géètì kan náà, ni tókunbọ̀ ń gbà kọjá láti Kùtọnu nígbà náà, lọ́sàn-án lóru. Iléeṣẹ́ Stallion gba ibẹ̀ ní 2006. Nissan ni wọ́n ń tò níbẹ̀ ní 2014. Irú orílẹ̀-èdè wo ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to mọ́tò láti 1975, tó sì tún ń ṣe ayẹyẹ bíbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún bíi pé kò rí síkírù rí? A ní kí Bàbá Wíńtà gbọ́n jù wá lọ. Ó kéré tán, òun fẹ́ràn ohun tó gbó, nílùú tí wọ́n ti ń fi mọ́tò tó pé ọdún mẹ́wàá bú ọmọlúàbí.

Ohun tó dùn mí ni pé ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń pa mọ́tò náà. Ọ̀sà kò jìnnà sí Ọ̀jọ́. Afẹ́fẹ́ wa lọ́rinrin, ó níyọ̀ nínú. Rọ́bà tó fi dì í ń dá ooru àti omi dúró sí i lára. Abẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá, níbi tí ihò tó ń gbé ooru ẹ́ńjìnì wọ inú mọ́tò wà, ni ìpáàrà sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ìjàpá ní ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ móoru, ẹ gbọ́ o, Bàbá Wíńtà sì ti tún un ṣe! Ká ní ó ṣí aṣọ yẹn kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó máa wà á dé Àlàbá lọ́jọ́ Àìkú, kó sì fi nǹkan bo orí bátìrì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn kí súpíríǹgì má baà kàn án kó gbiná, ìyẹn ì bá tó. Nísinsìnyí ilẹ̀ mọ́tò ti dógùn-ún débi pé èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kó máa wo èèrà nísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì yẹn náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ní Ìbà, tó jó irin ní Fọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá Wíńtà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó kí, ó sì fi fọ́tò hàn wọ́n.

"Tiwa nìyí," ni bàbá wí. "Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ má bínú o, bàbá. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ tò ó, níbo lẹ wá gbé rédíétọ̀ rẹ̀ sí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Nígbà tí wọ́n mu omi tán, wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ABD. Bàbá Wíńtà gbà, ó kù síbi ìwé ẹ̀rí ìbí. Bàbá ní tó bá ṣe ti ìyẹn ni, kó mú bébà wá, òun á kọ ọ́ fún un, òun á sì fọwọ́ sí i, àmọ́ Yúróò náà ni òun máa gbà.