Ọlọ́run Rán Wọn Níṣẹ́, Wọ́n Ṣìnà

Ẹni tó bá ní Ọlọ́run rán òun níṣẹ́, ó yẹ kó mọ ọ̀nà. Ron àti Dan Lafferty kò mọ̀ ọ́n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ni Under the Banner of Heaven dá lé lórí, eré ọ̀daràn alápá 7 tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní 2022. Inú ìwé tí Jon Krakauer kọ ní 2003 ni Dustin Lance Black ti fa eré náà yọ.

Òótọ́ ni ìtàn ọ̀hún. Ní 1984, ní ìpínlẹ̀ Utah, Ron ní Olúwa ń bá òun sọ̀rọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé kóòtù. Olúwa, gẹ́gẹ́ bí ohun tí Ron kọ, fẹ́ kí èèyàn 4 kúrò láyé. Kàyéfì ibẹ̀ ni pé orúkọ àwọn tí Olúwa ń bínú sí bá ti àwọn tí Ron ń bínú sí mu rẹ́gí. Ìyàwó Ron ti kó jáde nílé. Brenda, ìyàwó àbúrò Ron, pẹ̀lú Chloe Low àti Richard Stowe, olórí ìjọ Mọ́mọ́nì ládùúgbò, ló dúró ti obìnrin náà. Ẹnì kẹrin ni Erica, ọmọ Brenda, ọmọ oṣù 15. Ẹ̀ṣẹ̀ wo nìyẹn ṣẹ̀?

Ron gbé ìwé náà síwájú àwọn tí wọ́n jọ ń pe ara wọn ní wòlíì. Wọ́n dìbò, ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn kò fọwọ́ sí i. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ lọ ṣe àfidáfítì, ó gbòǹtẹ̀ sí i, ó sì rọra tọ́jú rẹ̀ sílé.

Ní July 24, Ron àti Dan pa Brenda, ọmọ ọdún 24, àti ọmọ rẹ̀ nílé wọn ní American Fork. Wọ́n dé ilé Chloe Low, kò sí nílé, wọ́n bá jalè níbẹ̀. Wọ́n ń wá ilé Stowe lọ, wọ́n ré kọ́nà rẹ̀ kọjá. Ọlọ́run tó mọ iye irun orí wa kò mọ̀ pé Chloe Low rìnrìn àjò! Nínú oṣù kẹjọ, orí ìlà oúnjẹ nílé tẹ́tẹ́ kan ní Reno lọwọ́ ọlọ́pàá ti tẹ àwọn ìránṣẹ́ Olúwa.

Ọlọ́pàá inú eré, Jeb Pyre, tí Andrew Garfield ṣe, kò sí láyé rí. Àwọn tó kọ eré ló dá a. Ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì ni, ó ń kó ìyàwó àtọmọ jọ gbàdúrà. Bó ṣe ń bi ìbéèrè ni àwọn àgbà ìjọ ń rọ̀ ọ́ pé kó má ba orúkọ ìjọ jẹ́. Ká má parọ́ mọ́ ìjọ gidi o: wọ́n ti lé Ron àti Dan kí wọ́n tó pààyàn, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu ìwé Krakauer.

Ron kú sẹ́wọ̀n ní 2019, níbi tó ti ń retí ìdájọ́ ikú. Dan, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún, ní òun ni wòlíì Èlíjà. Kẹ̀kẹ́ iná kò tíì wá gbé e.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí aríran kan bá fi orúkọ ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ pa hàn yín, ẹ má dìbò, ẹ má sì ṣe àfidáfítì. Ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.