Alàgbà Ṣáà-fún-wọn

Bí ènìyàn bá rìn ní Ìdímù láti ojú ọ̀nà Ìkọ̀tún títí dé ibi tí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá gbé bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fara balẹ̀ wo àwọn àgbà tó ń jókòó síwájú ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́, kò ní í ṣàì pàdé Alàgbà Ṣáà-fún-wọn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé irú ọkùnrin náà pọ̀ ní àdúgbò wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ó ti kọ́ ilé alájà kan, kò sì sí ẹni tó bá a jókòó rí tí kò tíì gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń bẹ lókè òkun. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a bá béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ni a fi ń pè é. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ó mú ìwé wá, kí báńkì ní kí ó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, èsì kan náà ni: “Ẹ ṣáà fún wọn.” Ṣáà-fún-wọn, ọmọ a-rà-má-kà, ọmọ a-buwọ́-lùwé-bí-ẹni-pa-ẹ̀fọn, ọkùnrin gìrìwò tí fáìlì rẹ̀ wúwo, tí ohun tó wà nínú fáìlì kò yé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni o. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Alimosho tí ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí Alàgbà ń ra tirẹ̀, ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ olórí ẹbí, ó ní kí àwọn àgbà ẹbí tó kù buwọ́ lù ú lójú òun, ó gbé ìwé sọ́fè lọ sí Alausa láti mọ̀ bóyá ìjọba ti fi ojú sí ilẹ̀ náà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ààlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì tún padà lọ rìn ín lóru, nítorí pé kò fọkàn tán ohun tí ó rí lọ́sàn-án. Bí ó bá dé ọjà Ìkọ̀tún, a máa yí agbọ̀n tòmátì dà kí ó lè rí èyí tí wọ́n tò sí ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tí kò sí ẹni tó lè ta tòmátì jíjẹrà fún yìí kan náà ni ó sanwó lórí ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò sì ka ohunkóhun ju orúkọ rẹ̀ lọ nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ fún un.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni pé Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Hamburg, bímọ, ó sì ní kí bàbá àti ìyá òun wá fi oṣù kan bá òun gbé ọmọ jó. Jámánì jẹ́ ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè 29 tí wọ́n ń pè ní Schengen, tí físà ọ̀kan nínú wọn tó láti wọ ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Òfin wọn sì ni pé àlejò tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé adójútòfò ìlera dání, èyí tó lè san owó tí kò dín ní 30,000 Yúrò bí àìsàn òjijì bá kì í mọ́lẹ̀, tí yóò sì bo gbogbo ọjọ́ tó fẹ́ lò, ní gbogbo ilẹ̀ tí físà náà dé. Alàgbà gbọ́, ó gbé fáìlì rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé nítòsí Kánsù.

“Ọmọ mi, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí o fún mi.”

“Daddy, oríṣi méjì ló wà. Èyí tó kéré yìí, kò kan àìsàn tó bá ti wà lára yín tẹ́lẹ̀. Èkejì ló ní ohun tó lè ṣe sí i, ṣùgbọ́n—”

“Ṣé àwọn òyìnbó á gba èyí tó kéré?”

“Wọ́n á gbà á, sà.”

“Ṣáà fún wọn.”

Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì, ó tún gbé ojú sókè. “Wọ́n ní ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, sà?”

Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kọ ‘rárá’ síbẹ̀ jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tìtorí ẹ̀jẹ̀ ríru fi físà dù mí ni?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà kò tíì délẹ̀ nínú rẹ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló bi í léèrè, ìjọba Jámánì ni ó dá lóhùn. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru ni ẹni tí yóò sanwó lọ́jọ́ tó bá ṣubú, ẹni náà ni yóò sì kọ̀wé sí ọsibítù tó ti ń gba oògùn nílé láti mọ ọdún tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì fi “rárá” tí Alàgbà kọ sílẹ̀ han Alàgbà. Kì í ṣe pé wọn kò ní í sanwó lórí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù lè ba gbogbo àdéhùn jẹ́, tó fi jẹ́ pé bí ó bá yọ̀ ṣubú lórí yìnyín tó sì kán lẹ́sẹ̀, wọ́n ṣì lè wá bá a ṣàríyànjiyàn lórí ẹsẹ̀ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Èmi kò lè dá a lẹ́bi tán, nítorí pé ojú títì tiwa níbí ló kọ́ ọ. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ìwé adójútòfò kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ti mọ́tò, èyí tí a ń rà nítorí ọlọ́pàá. ₦5,000 ni a ń rà á fún ìgbà pípẹ́ kí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ adójútòfò, tó sọ ọ́ di ₦15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá sì kéde pé àwọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, gbogbo ayé ń sáré kiri bí ìgbà tí wọ́n ní ọjà fẹ́ tú. Ìwé náà lè san tó ₦3,000,000 fún dúkìá ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́, síbẹ̀ bí mọ́tò méjì bá fẹnu ko ara wọn ní ìyípo Ìṣẹ́rí, ohun tí a ń gbọ́ ni “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n,” panẹ́bítà dé, owó yí ọwọ́, a sì fi ìwé adójútòfò sínú àpótí ọkọ̀ títí ọlọ́pàá mìíràn yóò fi béèrè rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún gba irú ẹ̀kọ́ yìí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìwé kan wà láyé tí kì í ṣe fún ojú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ohun kan wà nínú ìwé Schengen tí Alàgbà ì bá kà bí ó bá kà á. Láti ọdún 2004 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà ti fẹnu kò lórí rẹ̀, ó sì tún wà nínú òfin físà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2009, pé adójútòfò náà kò gbọdọ̀ mọ sórí dókítà àti bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó gbọ́dọ̀ san owó gbígbé aláìsàn padà sí ìlú rẹ̀, àti owó gbígbé òkú pẹ̀lú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àwọn òyìnbó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi owó tì í. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ka apá yìí sí Alàgbà létí, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ni yóò fi gé e, tí yóò sì ju ọwọ́ yí orí ká.

Kò sì yẹ kí ará Ìdímù jẹ́ ẹni tí a óò máa ṣàlàyé èyí fún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue wó ní Ìkọ̀tún, tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀dọ̀ wa, ó pa ènìyàn 116, àwọn tó wá láti South Africa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ òfurufú ológun ni ìjọba wọn fi wá gbé àwọn tó fara pa, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn nínú rẹ̀; ó sì tó oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó rí èyí tó pọ̀ jù nínú òkú wọn gbé délé. Odidi orílẹ̀-èdè ló ru ẹrù náà, kò sì fúyẹ́ fún un. Èwo nínú wa ló fi ọkàn tán an pé Àbújá yóò rán ọkọ̀ òfurufú lọ sí Hamburg nítorí onílé kan ní Ìdímù?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní Ọlọ́run ni aláàbò. Àmín. Alàgbà náà wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin wà lójú gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀, ajá méjì ló sì ń sùn sẹ́nu géètì.

Ìyàwó rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni ìyá náà ti ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹni tó bá sì ń ta aṣọ àwìn kò ní í ṣàìmọ ìdí tí a fi ń béèrè ibi tí oníbàárà ń gbé. Ní alẹ́ tí wọ́n ń di ẹrù, tí èlùbọ́ àti gààrí ti gba àyè tí aṣọ òtútù ì bá gbà, ó dúró.

“Bàbá Bọ́sẹ̀, bí nǹkan bá ṣe yín lóru níbẹ̀, ta ni a óò pè?”

“Bọ́sẹ̀ ńkọ́?”

“Ṣé Bọ́sẹ̀ ló máa san án?”

“Ínṣọ́ránsì wà.”

“Níbo ló wà?”

“Ó wà lábẹ́ gààrí.”

Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ tí a ń gbé, ìtàn wọn ni pé àwo kan ni baba ńlá wọn tẹ̀ lé lórí omi láti Ilé-Ifẹ̀ títí wọ́n fi rí ibùdó. Ojú wọn kò kúrò lára àwo náà lọ́nà, wọn kò gbé e sábẹ́ ẹrù. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tẹlifóònù kan tó wà lórí ìwé Alàgbà, òun ni ó yẹ kí a pè bí aláìsàn bá ti ń wọ ọsibítù, tàbí ní kété tí ó bá ti lè sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí a kò bá fi tó àwọn létí kí ìtọ́jú tó jìnnà, àwọn lè má san án. Ìyá Bọ́sẹ̀ tú gààrí, ó yọ ìwé, ó ní kí ọmọ ayálégbé kan bá òun kọ nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé orin rẹ̀. Alàgbà wò ó títí. “Ìyá Bọ́sẹ̀,” ó ní, “ìwọ náà ti ń di lọ́yà.”

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ohun búburú kan kò ṣe wọ́n. Físà tí wọ́n fún Alàgbà jẹ́ èyí tí ènìyàn lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ti ìrìnàjò àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń béèrè adójútòfò rẹ̀ kí wọ́n tó fún ènìyàn ní irú físà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ti buwọ́ lù ú pé òun mọ̀ pé òun yóò máa rà á fún àwọn ìrìnàjò tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ̀fọn ni Alàgbà pa níbẹ̀ náà. Ní ọdún kejì, ó lọ láìní ẹyọ kan, ó sì ń yangàn pé òun ti mọ ojú ilẹ̀. Àlejò lójú rekete, kò fi ríran.

Láti ìgbà náà ló ti di olùdámọ̀ràn. Ó ní London kò béèrè adójútòfò lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ kí ènìyàn, òótọ́ ni. Ó wá fi òótọ́ náà jẹ́rìí pé ọ̀fẹ́ ni ìwòsàn ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ san £1,035 lórí ọdún kan fún ìlera nígbà tó ń gba físà, Alàgbà sì gbà pé bí ọmọ bá ti sanwó, bàbá ti wọlé. Owó yẹn, ti ẹni tó lọ gbé ju oṣù mẹ́fà lọ ni. Àlejò ní England, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù ìjọba, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, ìdá 150 nínú 100 iye ìtọ́jú náà ni wọ́n lè bù fún un; gbèsè tó bá sì tó £500, tó lé ní oṣù méjì nílẹ̀ láìsan, lè dé etí Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí físà, kí ó sì dí físà ọjọ́ iwájú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti ọdún 1986 pé ọsibítù kò gbọdọ̀ lé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu padà nítorí àìlówó. Alàgbà gbọ́ apá yìí dáadáa. Ìwé owó tó ń dé lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìgbà tó padà dé láti ìrìnàjò àkọ́kọ́ yẹn ló lọ bá ọmọ oníṣọ́ọ̀bù náà pé kí ó bá òun gba owó òun padà.

“Daddy, bí wọn kò bá fún yín ní físà, tí ẹ sì ní ìwé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ fún yín, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa dá owó padà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ.”

“Mo lọ, n kò ṣàìsàn. Kí ni wọ́n fi owó mi ṣe?”

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Alàgbà ká ìwé náà, ó mú un relé, ó tọ́jú rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, Díákónì àdúgbò kejì ń múra àtilọ sí Dublin lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì wá gba ìmọ̀ràn. Ireland kò sí nínú àwọn 29 wọ̀nyí rárá, orí ilẹ̀ àwọn 29 náà sì ni agbára ìwé Alàgbà mọ.

“Díákónì, ẹ má wulẹ̀ náwó,” ni Alàgbà wí. “Tèmi wà nílẹ̀, n kò lò ó. Ọjọ́ àti orúkọ nìkan ni a óò ní kí ọmọ yẹn bá wa yí.”

“Alàgbà, ṣé ó kan ọ̀dọ̀ tí mò ń lọ ṣá?”

“Kí ni ìyàtọ̀? Ṣebí òtútù kan náà ló ń mú gbogbo wọn.”

Àwọn méjèèjì bá kọrí sí ọ̀nà Kánsù, fáìlì lábẹ́ abíyá. Ọmọ oníṣọ́ọ̀bù rí wọn láti òkèèrè, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.