Ìṣákọ́lẹ̀ Ológbò

Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni ìyá tí mo ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Kpata, ní Lọ́kọ́ja níbí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo dúró ti igbá rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, torí mo ń ka iye èdè tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Tápà ló fi ná ẹja lọ́wọ́ apẹja. Haúsá ló fi lé alábàárù tó fẹ́ tẹ ẹja àrọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oníbàárà kan dá iye tí kò bójú mu lé ọjà, ó fi Ígálà bú u; ẹni yẹn rẹ́rìn-ín, ó bú u padà, ó sanwó. Nígbà tó kàn mí, ó ní: “Ọ̀kún o, bàbá oníwèé-ìròyìn. Ṣé ẹ fẹ́ ra ẹja ni, àbí ẹ wá wo fíìmù?”

Látọjọ́ tí mo ti mọ ìyá yìí, agbófinró kankan kò wá bi í pé kí ló ń bá àjèjì sọ, bẹ́ẹ̀ ni ilé aṣòfin kan kò jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ló jókòó lórí ti àwọn èèyàn wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Ààrẹ Biden fọwọ́ sí òfin pé kí ByteDance, iléeṣẹ́ Ṣáínà tó ni TikTok, tà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó kógbá kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá di ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ẹ̀rù wọn ni pé Ṣáínà lè máa gba ibẹ̀ yọjú wo ilé 170 mílíọ̀nù èèyàn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ní kí ọmọ má ṣe dé ìsọ̀ alápatà, kó má baà jí ẹran. Ọmọ gbọ́ràn, kò dé ìsọ̀. Yàrá alápatà ló lọ tẹ́ní sí.

Nígbà tí ọjọ́ náà ń sún mọ́lé, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣí lọ sórí Xiaohongshu, áàpù Ṣáínà mìíràn tó fi Shanghai ṣe ibùjókòó, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Ìwé Pupa Kékeré. Àwọn tó lé ní 700,000 ló ya wọ ibẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Ogunléndé TikTok ni wọ́n pe ara wọn. Àwọn mìíràn ní amí Ṣáínà tó ti ń ṣọ́ àwọn látọjọ́ yìí ni àwọn ń wá, kí àwọn lè kí i pẹ̀lẹ́.

Nílẹ̀ wa, àlejò tó bá fẹ́ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ṣáínà náà bèèrè tiwọn. Wọn kò gba iṣu, wọn kò gba epo: ẹ mú àwòrán ológbò yín wá. Ni ológbò bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, dúdú, funfun, èyí tó sanra bí àgbò iléyá. Èmi tí wọn kò fún ológbò láàyè nílé mi láti kékeré, torí àwọn ìdí tí gbogbo Yorùbá mọ̀, ó yà mí lẹ́nu.

Lẹ́yìn ológbò, kí ni wọ́n ń sọ? Iye ẹyin. Owó ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà ní kí wọ́n bá àwọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹni tí àìsàn gbé dè ní Amẹ́ríkà ń sanwó ambulance. (Ẹ jẹ́ ká má dá sí ìyẹn. Ní Ganaja tí mò ń gbé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ambulance, oníkẹ̀kẹ́ á sì kọ́kọ́ bèèrè bóyá o ní ṣéńjì.) Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, kéde pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Amẹ́ríkà fi ìdá 216 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú.

Mi ò ní fi onílẹ̀ ṣe áńgẹ́lì o. Ṣáínà ti ti Facebook àti Google mọ́ ìta tipẹ́, àwọn onílé fúnra wọn sì ń ta àlejò lólobó pé kó má dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ níbẹ̀. Ìjọba kan tilẹ̀kùn láti inú, èkejì fẹ́ tì í láti ìta. Ojú fèrèsé làwọn ọmọ ti pàdé.

TikTok kú ní Amẹ́ríkà lálẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kìíní náà, ó jí lọ́jọ́ 19, Trump fún un ní ọjọ́ 75 sí i lọ́jọ́ 20 tó gorí oyè. Ọ̀pọ̀ ogunléndé palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n gbàlé lọ.

Tiwa kò yá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́, iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba kéde pé àwọn ti fòfin de Twitter. Orí Twitter ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ọjọ́ 222 ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì, bàbá kan ládùúgbò mi tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra káàdì sì mọ VPN tí wọ́n fi ń yọ́ wọlé dunjú. Ìjọba fúnra rẹ̀ di ogunléndé: ó sá lọ sórí Koo, ilé àwọn ará Íńdíà. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwa ará ìpínlẹ̀ Kogí ni ìtìjú sì bá jù. Bí o bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja níbí, wàá rí odò Ọya àti Bẹ́núé, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, síbẹ̀ wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Sọ̀ kalẹ̀, ṣí Facebook. Ṣáájú ìbò gómìnà ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Ígálà ń bú Okun, Okun ń bú Ẹ̀bìrà, Ẹ̀bìrà ń fi èlé dá a padà. Àwọn èèyàn Kpata kan náà ni! Ní ọjà, èébú kì í pẹ́ kó tó di owó, torí ẹja ń bẹ nílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Lórí fóònù, a kò gbé nǹkan kan síwájú ara wa, ológbò pàápàá.

Mo bi ìyá ẹlẹ́ja bóyá ó wà lórí Facebook. Ó ní, “Ṣé wọ́n ń ra ẹja níbẹ̀ ni?”

Koo ti kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún 2024. Ẹni tó bá rí ogunléndé ìjọba wa níbikíbi, kó bá mi kí i. Kó sì bèèrè ológbò lọ́wọ́ rẹ̀.