Ọ̀gá Mẹ́sàn-án-di-Ọ̀kan

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá mọ ojú rẹ̀, ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ya Òkè Olúmọ tí gbogbo àpáta ibẹ̀ fi yọ àwọ̀ aró. Òun ló ya ilé alájà mẹ́ta kan ní Lekki, tí koríko iwájú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju èyí tí Ẹlẹ́dàá dá lọ. Òun náà ló ya Cocoa House n'Ìbàdàn, ilé alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1965: sánmà ẹ̀yìn rẹ̀ ń ru gùdù bí ẹni pé ọjọ́ ìdájọ́ ti dé, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ tó ń jẹ gúgúrú tiẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Èyí tí àwa fún un ni Ọ̀gá Mẹ́sàn-án-di-Ọ̀kan, torí pé ohun tí ẹlòmíràn yóò yà lẹ́ẹ̀kan, òun a yà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, a wá lọ da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà di ẹyọ kan.

Ká tó fi í ṣẹ̀fẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọgbọ́n ọ̀hún kì í ṣe ọgbọ́n burúkú. Ẹni tó bá dúró nínú pálọ̀ lọ́sàn-án, tó ń wo ìta láti ojú fèrèsé, yóò rí àga, yóò sì rí igi máńgòrò tó wà lóde, nítorí pé ojú èèyàn ń bá ìmọ́lẹ̀ lò bó ṣe ń yí kiri. Kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá mú àga, igi máńgòrò á funfun báláú. Bó bá mú igi máńgòrò, pálọ̀ á ṣókùnkùn biribiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn ayàwòrán fi ń ya ọ̀kan fún inú ilé, ọ̀kan fún ìta, ọ̀kan fún àárín, tí wọ́n á sì fẹ̀sọ̀ so wọ́n pọ̀. Brákẹ́tì ni wọ́n ń pe yíyà bẹ́ẹ̀. HDR ni wọ́n ń pe dídàpọ̀ rẹ̀. Irinṣẹ́ ni. Àdá náà irinṣẹ́ ni, ọwọ́ ẹni tó mú un la máa ń wò.

Ẹ ò lè ṣì í mọ̀ lójú pópó. Báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn ga ju orí rẹ̀ lọ. Wèsíkóòtì oníàpò púpọ̀ ló máa ń wọ̀: àpò kan fún bátìrì, ọ̀kan fún aṣọ tí wọ́n fi ń nu lẹ́ńsì, ọ̀kan fún káàdì tí wọ́n kọ “Visual Storyteller” sí lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń ru tripod, tó tún ń fi agbòòrùn ṣíji bo kámẹ́rà. Oòrùn lè pa ọmọ iṣẹ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ mìíràn wà, kámẹ́rà ọ̀hún ò ní ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e dé Gbọ̀ngàn Mapo. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà lórí òkè, pẹ̀lú òpó ńláńlá iwájú rẹ̀, èèyàn sì lè dúró níbẹ̀ wo páànù Ìbàdàn tó ti dógùn-ún lọ súà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń débẹ̀ ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji òpó bá gùn, tí ara ògiri sì pọ́n. Ọ̀gá dé ní aago kan ọ̀sán, oòrùn wà lágbedeméjì orí. Oorun ìdájí ò ṣeé fi sílẹ̀. Àti pé kí ni brákẹ́tì wà fún? Mẹ́sàn-án tí òun máa yà á tún ohun tí oòrùn bá bàjẹ́ ṣe.

Ó gbé tripod kalẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Bàbá ọlọ́dẹ ń bọ̀ wá kọjá.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba ibẹ̀ yẹn kọjá.”

“Ṣé ẹ ò tíì yà á tán ni? Mo gbọ́ tó dún.”

“Ó ku mẹ́jọ, bàbá.”

“Mẹ́jọ kí ni? Ṣé ilé náà ń sá lọ ni?”

Ẹ fetí sí kámẹ́rà ọ̀hún. Ihò lẹ́ńsì ò yí padà, f/8 ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú ló ń yí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìkẹsàn-án tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Àkọ́kọ́ dún kẹ́; ìkẹyìn dún kẹ́-ẹ-ẹ́. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ìkẹsàn-án tó ìlọ́po 256 ti àkọ́kọ́. Nínú èyí tó ṣókùnkùn jù, sánmà nìkan ló hàn. Nínú èyí tó mọ́ jù, kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn òpó, níbi tí ẹnì kan tọ́jú ìgbálẹ̀ sí, hàn kedere. Ọ̀gá fẹ́ méjèèjì. Ó fẹ́ ìkúùkuu, ó fẹ́ ìgbálẹ̀.

Ibi tí Ọ̀gá bá a dé nìyí tí ìyá ẹlẹ́kọ fi kọjá láàárín ìkẹrin sí ìkeje. Kò mọ̀ pé òun ti di obìnrin mẹ́rin. Ọmọ iṣẹ́ ní, “Ọ̀gá, ṣé ká tún un yà?” Ọ̀gá ní rárá, kọ̀ǹpútà á pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lóòótọ́. Agbọ̀n ẹ̀kọ nìkan ló ṣẹ́ kù, ó ń dá lọ lófuurufú.

Alẹ́ ni iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì RAW kan, ìyẹn àwòrán tí wọn ò tíì tún ṣe rárá, lè tó 40 MB; mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ 360 MB fún àwòrán kan ṣoṣo, ogún àwòrán sì ni Ọ̀gá gbé bọ̀ láti Mapo. Fáànù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò tíì dé ìdajì tí NẸPA fi mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, àwọn aládùúgbò pa fèrèsé dé, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí ọ̀rọ̀ sánmà tí gbogbo ìlú ti rí lọ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán di ọ̀kan tán, ó kù kí Ọ̀gá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó fa ibi tó mọ́ wálẹ̀ dé −100. Ó fa ibi tó ṣókùnkùn gòkè dé +100. Ó fa Clarity, ó fa Saturation. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ti bo gbogbo ilẹ̀. Ọ̀gá fa Dehaze, ó lé ọyẹ́ kúrò nílùú. Páànù tó dógùn-ún di pupa fòò. Òjìji abẹ́ òrùlé sá lọ, òpó Mapo wá dúró lórí asán, torí pé òjìji tó so wọ́n mọ́lẹ̀ kò sí mọ́. Níbi tí òrùlé ti pàdé sánmà, ìmọ́lẹ̀ funfun kan yọ, ó yí i ká bí èyí tí wọ́n máa ń yà sí orí àwọn ẹni mímọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó mọ̀ á sọ fún yín pé halo nìyẹn, àmì pé wọ́n ti fi ipá mú ibi tó mọ́ àti ibi tó ṣókùnkùn bára dọ́gba. Ọ̀gá ní ògo ni.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbé e sórí Instagram àti WhatsApp, orúkọ rẹ̀ sì fẹ̀ lórí rẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà Mapo lọ. “Ọ̀gá, ẹ dá bírà!” “Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Peckham, tó ti pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn, kọ̀wé pé, “Àbúrò mi, ṣé Ìbàdàn náà ló dà báyìí? Wọ́n mà ti tún un ṣe o!” Ọ̀gá fi àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì dá a lóhùn. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá wálé ni yóò mọ ẹni tó tún un ṣe.

Ó tún ń kọ́ni. Ó ń ta preset, ètò tó ti tò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, fọ́tò ìsìnkú bàbá yín náà á ní sánmà Mapo.

Bí ẹ bá bá a jiyàn, ìtàn ni yóò fi dá yín lóhùn. Yóò ní ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òótọ́ ni. Láàárín àwọn ọdún 1850, Gustave Le Gray, ará Faransé, rí i pé gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà máa ń tètè gba àwọ̀ búlúù ju ti yòókù lọ, tó fi jẹ́ pé bí òkun bá yọ dáadáa, sánmà á funfun báláú. Ó ya ọ̀kan fún òkun, ó ya ọ̀kan fún sánmà, ó sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan. Ọ̀gá ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé òun àti Le Gray jọ kọ́ṣẹ́ ní Ṣángo ni. Ohun tí kì í fi kún un ni pé méjì péré ni Le Gray lò, ibi tí omi ti pàdé ọ̀run ló sì fi oríkèé wọn pamọ́ sí. Ti Ọ̀gá, ọmọdé rí oríkèé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í dárúkọ J.D. 'Okhai Ojeikere, tó di ìlúmọ̀ọ́ká nítorí fọ́tò irun orí àwọn obìnrin, tó sì ya ilé ńláńlá Nàìjíríà náà ní dúdú òun funfun. Òkùnkùn wà nínú fọ́tò Ojeikere, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ tan iná.

Lekki ni owó gidi wà, lọ́wọ́ àwọn ajẹ́ntì tó ń ta ilé. Fèrèsé àti pálọ̀ gan-an ni irú ìṣòro tí ọgbọ́n yìí wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọ̀gá fi ṣe. Gílóòbù pálọ̀ ń tan yẹ́lò, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó gba fèrèsé wọlé ń ṣe búlúù. Ó lọ̀ wọ́n pọ̀, síìlìn funfun tí onílé náwó lé lórí di aláwọ̀ eérú. Ojú fèrèsé wá kù. Odi aládùúgbò àti tánkì omi dúdú kan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá rántí pé òun ní fọ́tò etíkun kan nílé. Ìkẹwàá rèé. Ó fi òkun sójú fèrèsé.

Ìyá kan tó fẹ́ ra ilé náà wá láti Abúlé-Ẹ̀gbá. Ó dé ojú fèrèsé, ó wo tánkì, ó yíjú sí ajẹ́ntì.

“Òkun dà?”

“Ó wà níwájú díẹ̀, mà.”

“Lẹ́yìn tánkì?”

“Lẹ́yìn tánkì, mà.”

Ohun tó wá ń dun Ọ̀gá jù ni fóònù. Ọdún 2010 ni iPhone ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tó ń sọ ọ́ di ọ̀kan fúnra rẹ̀. Lónìí, fóònù tí ò wọ́n ń ṣe é kí èèyàn tó gbé ìka kúrò. Ní Mapo, bí Ọ̀gá ṣe ń bá bàbá ọlọ́dẹ fa ọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti yọ fóònù, ó ya ilé náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Òjìji wà lábẹ́ òrùlé. Ìyá ẹlẹ́kọ jẹ́ ẹyọ kan, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì.

Iṣẹ́ yìí ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọn á dé ilé tí wọ́n fẹ́ yà nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí iná inú ilé àti ìmọ́lẹ̀ sánmà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nílẹ̀ wa, àsìkò yẹn kì í tó ìdajì wákàtí, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Wọn á ya méjì tàbí mẹ́ta, wọn á fọwọ́ ara wọn tún ojú fèrèsé nìkan ṣe, wọn á fi kọ̀rọ̀ sílẹ̀ kó jẹ́ kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní bèèrè bí wọ́n ṣe yà á. Ilé náà lẹ máa wò.

Ìyàtọ̀ àwọn wọ̀nyí àti Ọ̀gá kì í ṣe ti kámẹ́rà. Tiẹ̀ wọ́n ju tiwọn lọ. Wọ́n ń yàn ni, òun kì í yàn. Ẹni tó ya fọ́tò ti sọ ohun tó fẹ́ ká rí, ó sì ti gbà pé nǹkan kan á pamọ́. Ọ̀gá ò lè gbà. Ẹ̀rù ń bà á pé ohun tí òun bá fi sílẹ̀ ló máa ṣe pàtàkì jù, ló bá kó gbogbo rẹ̀: ìkúùkuu, òpó, páànù, ìgbálẹ̀. Gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, a ò gbọ́ ti ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá ń lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un, ìbáà jẹ́ ilé lẹ fẹ́ tà, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun lẹ fẹ́ ṣí, ẹ má ti orí owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán síta láìtíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ bi í èwo nínú wọn ló sún mọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà, ẹ sì bi í ibo ló fẹ́ kó ṣókùnkùn. Bó bá lè dáhùn, ẹ sanwó rẹ̀ pé, oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Bó bá ní “gbogbo ẹ̀ ni”, ẹ gbéṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.