Ìyá Iná-Á-Pa-Á

Àwa ayálégbé la sọ ọ́ lórúkọ yìí, ó sì ń jẹ́ ẹ láìbínú. Ìyá Iná-á-pa-á kì í da oúnjẹ nù. Kí aáyán já sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kí ọmọ-onílé já láti àjà bọ́ sínú ẹ̀wà, ohun kan ṣoṣo ló máa ń béèrè: "Ṣé ó ṣì wà lórí iná?" Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n á fi ìgbakọ yọ olóògbé, wọ́n á koná mọ́ ọbẹ̀, ọmọ á jẹun, àlejò á jẹun.

Èèrà inú ṣúgà? Ó ń la ojú ọmọdé. Kòkòrò inú ẹ̀wà? Ẹran ọ̀fẹ́. Ọbẹ̀ tó ti kan? Káún bíńtín ló kù ú kù. N ò bú u o. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì báyìí kò ní yá lọ́wọ́ láti da nǹkan nù.

Àmọ́ mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ tó ń rọ epo sí sítóòfù ta kẹrosíìnì sínú ìkòkò ìrẹsì. Òórùn rẹ̀ dé ẹnu géètì. Ìyá ní kí wọ́n ṣàn án lómi mẹ́ta, kí wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà sí i dáadáa, kí wọ́n sọ ọ́ di jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tí wọ́n bù ú tán, àwo tirẹ̀ nìkan ni ò sí níbẹ̀. Ààwẹ̀ ló ń gbà lọ́jọ́ náà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì gbìyànjú. "Màmá, ìrẹsì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ooru yìí, ká tiẹ̀ ní iná pa kòkòrò inú rẹ̀, májèlé tí kòkòrò yẹn ti pọ̀ sílẹ̀ ò gbọ́ ti iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀pà tó bu."

"Ṣebí ìrẹsì àná yẹn náà lo jẹ tó o fi dé yunifásítì!"

Ọmọ ò fèsì. Èmi náà wá èsì títí, n ò rí.

Gàrí ni ò jẹ́ kí ẹ̀sìn iná yìí dúró dáadáa. Ọdún 1969 ni wọ́n dá àrùn Lassa mọ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku nínú oúnjẹ. Ìyá rí kóró dúdú mẹ́ta nínú àpò gàrí, ó ṣà wọ́n dànù, ó bu ìyókù sínú abọ́, ó da omi tútù lé e. Iná wá dà, Ìyá?

"Ṣé wọn ò ti yan án ni?"

Wọ́n ti yan án lóòótọ́, kí eku tó débẹ̀.

Ẹ má rò pé Ìyá ò mọ ìmọ́tótó o. Níbi ìkómọ kan ní Sátidé tó kọjá, eṣinṣin kan ṣoṣo bà sí etí àwo rẹ̀. Ó ti àwo sẹ́yìn, ó yínmú. "Àwọn èèyàn yìí mà dọ̀tí o." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa náílọ́ọ̀nù dúdú yọ nínú báàgì, ó kó ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i.

Iná wà nílé.