Ìgbìmọ̀ Tí Yóò Gun Olúmọ

Ìsinmi Sátidé sí Sọ́ńdè kò yẹ kó ju kéèyàn ki aṣọ méjì sínú báàgì kó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ní Ṣáṣá n'Íbàdàn níhìn-ín, bí nǹkan bá ti rọrùn jù, ìgbìmọ̀ la máa ń yàn fún un.

Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ló ní ká lọ gba atẹ́gùn l'Ábẹ́òkúta. Ká gun àpáta Olúmọ, ká jẹ ìrẹsì ọ̀fadà, ká ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ká máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ náà ò le. Mọníyà ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ti ń gbéra lọ sí Èkó, tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá. Ibùdó ti Mọníyà ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Ọmí-Àdìó ń jẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá, ti Láderin l'Ábẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká. Ẹ wo iṣẹ́ ìjọba! Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí ìjà wọn dá wàhálà sílẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn, irin kan náà ló so wọ́n pọ̀ báyìí. Ṣóyínká tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní 1965, pé ó fi ìbọn gba ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn kí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá má bàa jáde, tí adájọ́ sì dá sílẹ̀, òun ló ń dúró dè wọ́n níwájú. Bí àwọn wọ̀nyẹn bá lè wà lójú ọ̀nà kan, kí ló dé tí àwa ò lè fẹnu kò?

A kọ́kọ́ yan alága, igbákejì àti akápò. A yan alukoro pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò ní ohunkóhun láti kéde. Lẹ́yìn náà ló kan aṣọ ẹbí. Àwọn ìyá ní àǹkárá, àwọn ọ̀dọ́ ní fáńìlà tí a tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí. Mo bi wọ́n pé ta ló fẹ́ dá wa mọ̀ lórí àpáta. Wọ́n ní mo ń tako ìlọsíwájú. Fáńìlà ló borí. Ọmọkùnrin kan ní ká kúkú lọ sí òkè Ìdànrè. Ẹnìkan ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, Ìyá Aláta tó ń ta tòmátì ládùúgbò wa sì bèèrè ẹni tí yóò pọn òun. La bá padà sí Olúmọ, nítorí lífítì tí wọ́n fi síbẹ̀ ní 2006.

Ìgbà yẹn ni ìgbìmọ̀ rán aṣojú lọ yẹ ibẹ̀ wò. Owó wa ni o. Wọ́n sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n mú ìwé àbọ̀ bọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé àpáta náà ṣì wà níbẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ nìkan kọ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú!

Ó ku ọjọ́ tí a ó lọ. Sátidé tí a mú, ìgbéyàwó bọ́ sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Aláta ní ọkọ̀ tòmátì òun ń bọ̀ láti Òkè Ọya, tòmátì ò sì gbọ́ ìsinmi. Ká sọ tòótọ́, àwáwí tiẹ̀ nìkan ló nítumọ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá tó gbé sàkání Ìbàdàn yìí rí ò yan alukoro nígbà tí ogun lé wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ síwájú, wọ́n gbé ẹrù karí, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé abẹ́ Olúmọ. Wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ di òní.

Akápò ti wá sọ báyìí pé owó tó kù kò ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Fáńìlà àti àbẹ̀wò ti jẹ ẹ́ tán. Ìpàdé pàjáwìrì wà lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rí Olúmọ, ẹ gba Mọníyà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sì tètè dé ibùdókọ̀, torí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de alága.