Oríkì Ọba Inú Ike

Kábíyèsí, purotéènì inú ike!
Abara dúdú bí aró, adé rẹ pọ́n bí àlùkò.
Ẹni tí wọ́n ya apá alágbára sí lára, tí kò gbé irin rí láyé.
Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ láti Ṣómólú dé Bàrígà, dé Ìlàjẹ létí ọ̀sà.

Bí o bá wọ jíìmù, kóòṣì a dákẹ́.
Owó ọkọ̀ la fi rà ọ́, owó bàtà la fi rà ọ́.
Ọmọ eléré ìje fẹsẹ̀ rìn dé pápá Àkọkà nítorí tìrẹ, ó ti rẹ̀ ẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.
O ṣeun, olùkọ́ni nírìn!

Jẹ́ kí n kì ọ́ délé, ọmọ wàrà.
Wọ́n gbé mílíìkì kaná, wọ́n fún omi bọ̀mùbọ̀mù sí i, ó dì, wọ́n sẹ́ ẹ.
Èyí tó dì di wàrà, èyí tó ṣàn di ìwọ.
Òyìnbó náà sẹ́ tirẹ̀, ó mú ọ gbẹ di ìyẹ̀fun kíkúnná, ó fi adùn ṣokoléètì wọ̀ ọ́ láṣọ.
Omi àdànù tó joyè! Omi ara wàrà tó wọkọ̀ òkun wá sí Èkó!

Ṣíbí rẹ kan, nǹkan bí 24 gíráàmù purotéènì.
Ẹyin mẹ́rin náà, nǹkan bí 24 gíráàmù.
Ṣùgbọ́n ta ni í dọ̀bálẹ̀ fún ẹyin?
Ìyá akànṣẹ́ kan ń ta ẹ̀wà níwájú ilé. Ọmọ náà kọjá lára ìkòkò tó ń hó, kò wojú ẹ̀wà, kò wojú ẹja yíyan ará Ìlàjẹ, ó lọ yá owó láti wá bọ ọ́.
Ọba tí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀!

Abomi-sínú-àgbá-tó-kún!
Ní 2018, àwọn oníwàádìí kó ìwádìí 49 jọ. Wọ́n ní bí ohun tí èèyàn ń jẹ lójúmọ́ bá ti tó nǹkan bí 1.6 gíráàmù purotéènì fún kílò ara kan, àlékún kì í kọ́ iṣan mọ́. Ẹni tó wọ̀n 70 kílò, 112 gíráàmù ti tó o.
Ìwọ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ó tó.
Ara a sun ìyókù rẹ bí igi ìdáná, a da eérú rẹ̀ sínú ìtọ̀.
Ọlọ́lá tí ń sọ owó ọkọ̀ di ìtọ̀!

Onílù inú ikùn!
Ikùn ọ̀pọ̀ àgbà wa kì í gba ṣúgà inú mílíìkì mọ́. Ìwọ ṣáà ń gbé e wọlé, tìlù tìfèrè.
Nínú dáńfó, láti Yábàá dé Bàrígà, kò sí èrò tí kò mọ̀ pé eléré ìje wà lọ́kọ̀.
Olóòórùn ń ké ọ̀nà, ẹ yà fún un!

Ọlọ́gbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ tán!
Ṣómólú, ìlú atẹ̀wé, mọyì àkọlé bíi tìrẹ: lẹ́tà gàgàrà fún ìlérí, lẹ́tà eèrà fún òótọ́.
Ní 2004, yàrá ìwádìí kan ní Cologne, ní Jámánì, gbé ìwádìí jáde lórí onírúurú àfikún oúnjẹ 634. Oògùn tí àkọlé kò dárúkọ, ìran sítẹ́rọ́ìdì, wà nínú 94.
Ẹbí adákẹ́-má-fọhùn!
Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ wò, eléré ìje ni wọn yóò fi òfin dè, ọdún rẹ̀ ni yóò ṣòfò, orúkọ rẹ̀ ni yóò wọ̀wé ìròyìn.
Ìwọ dúró lórí pẹpẹ, ọmọrí rẹ ń dán.

Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú. Ìyá oníwàrà ti dé oríta, ó ti tà tán. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó da omi tó kù sí gọ́tà.
Kábíyèsí, jáde wá kí ẹbí rẹ.